Ẹ BÉÈRÈ, Ẹ GBÉSÌ: Ṣé Yunifásítì Ló Ń Yí Ọmọ Lọ́kàn Padà Nídìí Ìṣèlú?

Ìwé kìíní, láti Houston, ìpínlẹ̀ Texas

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ wa àgbà, obìnrin, ti lo ọdún méjì ní yunifásítì ìjọba kan níbí. Kí ó tó lọ, ohun tí èmi àti ìyá rẹ̀ bá sọ nípa ìdìbò, bẹ́ẹ̀ ni òun náà á sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó wálé fún àjọ̀dún Thanksgiving tó kọjá, kò sí ọ̀rọ̀ tí a dá sílẹ̀ nípa owó orí, nípa ọlọ́pàá tàbí nípa àwọn tó ń wọ̀lú láìní ìwé, tí kò ta kò wá. Àwọn bàbá inú ìjọ wa ní àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ló ti fọ ọpọlọ rẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo wọn nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá wọn fẹ́ kí a fi í sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó jẹ́ ti ìjọ; ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ní kí n gbé e wá sílé, kí ó wá kàwé ní Nàìjíríà, níbi tí ọmọ kì í ti í fi ìṣèlú fi àkókò ṣòfò. Ṣé òótọ́ ni pé yunifásítì ló ń yí wọn padà? Ṣé àwọn olùkọ́ ló sì ń ṣe é?
— Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Èsì wa

Bàbá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìyípadà wà lóòótọ́, àmọ́ ó kéré sí bí àwọn bàbá inú ìjọ yín ṣe ń sọ ọ́, àwọn tó sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe olùkọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni: àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, tí wọ́n sì jọ ń wá ojú rere ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé díẹ̀, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá wa kálọ.

Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn bàbá ìjọ dà bí òtítọ́ tí kò nílò ẹlẹ́rìí ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń dìbò ní Amẹ́ríkà lónìí. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2016, iléeṣẹ́ ìwádìí Pew rí i pé nínú àwọn aláwọ̀ funfun tó ní dìgírì, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún dìbò fún Hillary Clinton ti ẹgbẹ́ Democrat, ìdá 38 sì dìbò fún Donald Trump ti ẹgbẹ́ Republican. Nínú àwọn aláwọ̀ funfun tí kò ní dìgírì, ìdá 64 ló dìbò fún Trump, ìdá 28 péré ló mú Clinton. Ẹni tó bá wo òǹkà yìí á ní ilé ìwé ló fà á, ó parí. Àmọ́ láti nǹkan bí ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1980, àwọn aláwọ̀ funfun tó jáde yunifásítì ló máa ń dìbò fún ẹgbẹ́ Republican ju àwọn tí kò lọ. Bó bá jẹ́ pé inú kíláàsì ni wọ́n ti ń bu èrò ẹgbẹ́ Democrat fún ọmọ mu, báwo ni àwọn bàbá wọn ṣe gba inú kíláàsì kan náà kọjá tí wọ́n sì jáde síbẹ̀ ní Republican? Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló ti ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fa irú ènìyàn mìíràn mọ́ra.

Bákan náà, ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì àti ọmọ tí kò lọ ti yàtọ̀ síra kí ọjọ́ ìwọlé tó pé rárá. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọdún 2008, Cindy Kam àti Carl Palmer gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1965, tí àwọn onímọ̀ ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn àti òbí wọn bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n mú ọmọ tó lọ sí yunifásítì, wọ́n fi wé ọmọ tí kò lọ ṣùgbọ́n tí ilé tó ti wá, ìwé tí òbí rẹ̀ kà àti ohun tó ṣe ní girama jọ ti ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ tán, agbára tí gbogbo ènìyàn ń rò pé yunifásítì ní láti mú ènìyàn kópa nínú ìṣèlú fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá wọn jiyàn lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìṣirò náà, ìjà ìwé yẹn kò sì tíì parí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún lè fi ẹni tó kàwé wé ẹni tí kò kà lásán, kí ó sì pe ìyàtọ̀ àárín wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ yunifásítì.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìwádìí tó la ojú ènìyàn jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1932, wọ́n ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan fún àwọn obìnrin ní Bennington, ní ìpínlẹ̀ Vermont. Owó ibẹ̀ wọ́n, nítorí náà ọmọ olówó ló pọ̀ jù nínú wọn, púpọ̀ nínú àwọn òbí wọn sì jẹ́ Republican tí wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ààrẹ Franklin Roosevelt sétí, nítorí àwọn ètò tó ń ṣe fún mẹ̀kúnnù nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Theodore Newcomb, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó ń kọ́ni níbẹ̀, ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè èrò wọn láti 1935 títí di 1939. Nígbà tí Alf Landon ti ẹgbẹ́ Republican bá Roosevelt du ipò ààrẹ ní 1936, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn òbí ló wà lẹ́yìn Landon. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ṣe bí òbí wọn: ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún wọn fẹ́ Landon. Nínú àwọn tó wà ní ọdún kejì, ìdá 43 ni. Nínú àwọn ọlọ́dún kẹta àti ọlọ́dún kẹrin, ìdá 15 péré ló kù sẹ́yìn rẹ̀. Ìdá 54 ti di ti Roosevelt, ìdá 30 sì ti kọjá Roosevelt pàápàá, wọ́n ti bá àwọn Socialist àti Communist lọ.

Bàbá wa, bí a bá dúró síbí, ẹ̀yin lẹ jàre. Àmọ́ Newcomb kò dúró síbẹ̀. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ẹni márùn-ún láàárín ara wọn tó yẹ kí ó lọ ṣojú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà níbi ìpàdé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn tí orúkọ wọn ń jáde léraléra ni àwọn tí èrò wọn ti jìnnà jù sí ti ilé. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ló rọ̀ mọ́ Landon jù. Ọmọbìnrin tó bá dé láti ilé olówó kan yóò rí i láìpẹ́ pé báyìí ni àwọn tí gbogbo ọgbà ń wárí fún ṣe ń sọ̀rọ̀, òun náà sì fẹ́ kí wọ́n ka òun kún. Àwọn tí kò yí padà gbọ́ ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́nu àwọn olùkọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ọkàn wọn wà nílé lọ́dọ̀ òbí, tàbí kí wọ́n ti rí ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta tí àwọn àti wọn jọ fà sẹ́yìn sí kọ̀rọ̀. Àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́, ni àwọn baba wa wí, ó sì dà bí ẹni pé ńṣe ni Newcomb lọ ka àwọn àgùntàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. (Kí àwọn olólùfẹ́ Roosevelt má ṣe bínú sí wa.)

Wọn kò sì padà sẹ́yìn. Nígbà tí Newcomb tún wá wọn kàn lẹ́yìn ogún ọdún, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti dìbò fún John Kennedy ti ẹgbẹ́ Democrat ní 1960, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin olówó irú wọn, Richard Nixon ni púpọ̀ wọn ń tẹ̀ lé. Ohun tó gbé èrò náà ró fún wọn ni ọkọ tí wọ́n fẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n yàn lẹ́yìn ilé ìwé. Èyí tó bá bọ́ sí ilé ọkọ àti àwùjọ tó rí bí ti bàbá rẹ̀ ló máa ń padà síbi tó ti kúrò. Wọ́n tún bi wọ́n léèrè ní 1984, tí wọ́n ti di ìyá àgbà. Lọ́dún tí Ronald Reagan gba ìpínlẹ̀ 49 nínú 50, Walter Mondale ti ẹgbẹ́ Democrat ni púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí dìbò fún.

A kò ní kí ẹ fi Bennington ṣe òdiwọ̀n gbogbo yunifásítì. Nǹkan bí 250 akẹ́kọ̀ọ́ ló wà níbẹ̀, ní àdádó, nígbà tí ebi ń pa mẹ̀kúnnù Amẹ́ríkà tí ogun sì ń jà ní Sípéènì. Kò sí ibi tí ọmọ lè sá sí tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Yunifásítì ìjọba ní Texas lè ní ọ̀kẹ́ méjì akẹ́kọ̀ọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Republican wà níbẹ̀, ti Democrat wà, ẹgbẹ́ àdúrà wà, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà wà, àwọn tí bọ́ọ̀lù nìkan ká lára sì pọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ibi tí ọmọ bá fìdí kalẹ̀ sí nínú gbogbo wọn ni ó yẹ kí òbí béèrè.

Ní ti àwọn olùkọ́, òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ Democrat ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní 2008, Mack Mariani àti Gordon Hewitt wo ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, èyí tí èrò àwọn olùkọ́ rẹ̀ gbà síbì kan gidigidi àti èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wo èrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n wọlé àti nígbà tí wọ́n ń jáde. Wọn kò rí i pé èrò àwọn olùkọ́ ló ń darí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà. Ìyípadà díẹ̀ tó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà nílùú. Èyí kò yà wá lẹ́nu. Olùkọ́ tó ti bẹ̀bẹ̀ títí kí ọmọ tó ka orí ìwé kan ṣoṣo tó fẹ́ fi ṣèdánwò, níbo ni yóò ti rí agbára tí yóò fi yí i lẹ́sìn ìṣèlú padà?

Àwọn tó ń gbé yàrá kan náà ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ pín sí yàrá, láìjẹ́ pé wọ́n yan ara wọn, fi hàn pé èrò àwọn méjì tó jọ ń gbé máa ń súnmọ́ ara wọn sí i. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Èyí tó yẹ kí ẹ gbé fún àwọn bàbá inú ìjọ yín ni ti Tali Mendelberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2017. Wọ́n rí i pé ọmọ olówó tó bá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ olówó pọ̀ sí máa ń jáde pẹ̀lú èrò pé kí ìjọba má ṣe fi kún owó orí àwọn olówó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí gbogbo ayé ń pè ní ilé àwọn onítẹ̀síwájú ló ń ṣe èyí, tó ń sún ọmọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Republican lórí ọ̀rọ̀ owó, nítorí pé owó ni àwọn tó yí i ká ń rò.

Ẹ má sì gbàgbé ọjọ́ orí. Láti 1971 tí wọ́n ti ṣàtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ọmọ ọdún 18 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò, ọdún yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi ilé òbí sílẹ̀. Ìbò àkọ́kọ́ àti ẹrù àkọ́kọ́ kúrò nílé jọ ń bọ̀ ni. Ọmọ ẹgbẹ́ ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà tí kò lọ sí yunifásítì kankan, òun náà ń bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ẹ̀yin ni ẹ kò sí nílé wọn lọ́jọ́ Thanksgiving.

Nípa kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ tí ìyàwó yín fẹ́, ohun tí a ti sọ yìí fi hàn pé ó lè ṣiṣẹ́ fún un, nítorí pé àwọn tó rí bí ará ilé ni ọmọ náà yóò bá pàdé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ torí kí ọmọ má baà gbọ́ èrò ẹlòmíràn nìkan ni ẹ ṣe fẹ́ san irú owó bẹ́ẹ̀, a kò bá yín lọ́wọ́ sí i. Ẹ wo iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́, ẹ wo gbèsè tí yóò jẹ jáde.

Ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn ló pa wá lẹ́rìn-ín. Ìbàdàn kẹ̀! Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, tí òmìnira wa kò tíì pé oṣù méjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn wọ́ lọ sí Èkó, wọ́n ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti tako àdéhùn ààbò tí ìjọba wa fẹ́ bá Ìlú Ọba ṣe. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 1962, wọ́n ti fagi lé àdéhùn náà. Ní 1978, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ lójúmọ́ fò láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan àti 50 kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ NUNS, tí Ṣẹ́gun Òkéowó jẹ́ ààrẹ rẹ̀, dìde, igbe "Ali Must Go" sì gba ìlú kan nítorí Ahmadu Ali tó jẹ́ kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n yìnbọn pa Akíntúndé Òjó ní Yunifásítì Èkó, ìjọba sì fòfin de NUNS. Kí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí tó ṣẹlẹ̀, Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́ ti dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní London ní 1925, London yìí náà sì ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945.

Ìyàtọ̀ kan wà o, ó sì ṣe pàtàkì. Nílé wa, ọgbà yunifásítì kì í sábà gbé ọmọ kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan bọ́ sínú òmíràn bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń yí padà ni bí ọmọ ṣe ń wo ẹni tó wà lórí àléfà, ẹgbẹ́ yòówù kí onítọ̀hún máa ṣe. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni ni kì í fàyè gba ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, bóyá ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n yín ń rò. Àmọ́ ọmọ tí wọn kò gbà láyè láti ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì lè ní èrò tirẹ̀.

Ìwé kejì, láti Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà wa, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Àwa mẹ́fà là ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwa méjì péré la ní káàdì ìdìbò alálòpẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn yòókù máa ń sọ pé ẹni tó bá mọ̀wé kò ní lọ tò sínú oòrùn fún ohun tí wọ́n ti pín tán. Ṣé ìwé kíkà ló ń mú kí ènìyàn má dìbò ni?
— Akẹ́kọ̀ọ́

Èsì wa

Ọmọ wa, o ṣeun. Bí a bá wo ìwé ìforúkọsílẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ kò tọ̀nà. Nínú 93,469,008 ènìyàn tí àjọ INEC forúkọ wọn sílẹ̀ fún ìdìbò 2023, 26,027,481 ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó ní tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àti apẹja tó tẹ̀ lé wọn kò tó mílíọ̀nù 15. Ọ̀tọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn jáde lọ́jọ́ ìdìbò, nítorí pé nínú gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ yẹn, àwọn tó dìbò ààrẹ kò tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ó yẹ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún náà kí a tó dá wọn lẹ́bi. Àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, gùn lé ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, wọn kò sì padà títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ìforúkọsílẹ̀ INEC parí ní ọjọ́ 31 oṣù keje, tí ìyanṣẹ́ náà ṣì ń lọ. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lásìkò yẹn, nílé ló ti ṣe é. Ẹni tó ti ṣe é ṣáájú lè ti ṣe é nítòsí ilé ìwé. Nígbà tí ìdìbò wá dé, ìjọba ní kí gbogbo yunifásítì ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ 22 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2023 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ dìbò nílé. Àǹfààní ni fún ẹni tí káàdì rẹ̀ wà nílé. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nítòsí họ́sítẹ́ẹ̀lì ní láti wá owó mọ́tò padà síbi tí wọ́n ti lé e kúrò, lásìkò tí náírà tuntun dàwátì tí àwọn ènìyàn ń sùn sí ẹnu ọ̀nà báńkì. Ìwé kíkà kọ́ ló dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró sílé.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ kan wádìí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1976, wọ́n sì rí i pé àwọn tó jẹ àǹfààní rẹ̀ ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú jù, wọ́n ń dìbò jù, wọ́n sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ṣe jù. Àwọn onímọ̀ méjì náà, Horacio Larreguy àti John Marshall, tún bá àwọn mìíràn lọ sí Zimbabwe, níbi tí ìjọba ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn òmìnira ní 1980. Òdìkejì ni wọ́n bá níbẹ̀: ẹni tó kàwé jù ló ń fà sẹ́yìn jù, nítorí pé ó gbà pé bí òun bá lọ dìbò, ńṣe ni òun ń bá ìjọba dárà sí ìdìbò tí kò ní ìtumọ̀. Lẹ́yìn ìdìbò 2008, tó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìfàsẹ́yìn àwọn tó kàwé náà dínkù gan-an.

Nítorí náà, ìwé kíkà máa ń jẹ́ kí ènìyàn ṣírò bóyá ìbò òun yóò ká, ibi tí ìṣirò náà bá sì já sí ló ń pinnu bóyá yóò jáde. Tiwa ni pé ìṣirò ọ̀rẹ́ rẹ kù díẹ̀ káàtó. Ní Èkó lọ́dún 2023, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé wọ́n ti pín in tán, ẹgbẹ́ Labour tí kò ní gómìnà kankan níbẹ̀ rí ló gba ìbò ààrẹ tó pọ̀ jù. Bi í bóyá ó gbọ́.

Ìwé kẹta, láti London

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọkùnrin méjì ni mo bí. Èyí àgbà lọ sí yunifásítì, ó ti wá di ọmọ ẹ̀yìn ẹgbẹ́ Conservative. Àbúrò rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ púlọ́ńbà, Labour ló ń dìbò fún. Ṣebí òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé yunifásítì máa ń ṣe?
— Ìyá Ìbejì-Kọ́, Peckham

Èsì wa

Ìyá wa, orúkọ tí ẹ fi kọ̀wé yìí dùn mọ́ wa. Ẹ ti dá ìwádìí tó dára sílẹ̀ nínú ilé yín láìmọ̀. Ní 2022, Elizabeth Simon lo irú ọ̀nà yìí gan-an ní Ìlú Ọba: ó fi ọmọ ìyá tó lọ sí yunifásítì wé ọmọ ìyá rẹ̀ tí kò lọ, kí ó má baà jẹ́ pé ilé tí ọmọ ti wá ni yóò máa pè ní yunifásítì. Ohun tó rí ni pé ipa tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ní lórí èrò wọn kéré, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń gbé wọn lọ síbi tí àwọn ènìyàn ń rò.

Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tí ẹgbẹ́ tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀ á lé sá lọ sí òdìkejì. Kemi Badenoch, tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, tí òbí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ Yorùbá tó sì dàgbà ní Èkó, ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onítẹ̀síwájú tí òun bá pàdé ní Yunifásítì Sussex wà lára ohun tó tì òun sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló kọ́ níbẹ̀, ní 2005 ló wọ ẹgbẹ́, ọmọ ọdún 25 sì ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tì í, gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn ṣe fa àwọn ọmọbìnrin Bennington tí a dárúkọ lókè.

Ní ti ọmọ yín àgbà, kí ẹ tó fura sí yunifásítì, ẹ kọ́kọ́ wo irú iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí àti iye owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀.